Ogun tí Hamid Jà ní Ilé Ìyá Ìyàwó Rẹ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, Hamid fúnra rẹ̀ ló ní ká sọ ìtàn yìí. Ó ní bí òun bá fi ẹnu ara òun sọ ọ́, ẹ lè má gbà á gbọ́, ẹ sì jàre. Ẹni tí gbogbo Èjìgbò ti gbọ́ tó ń parọ́ lórí rédíò, ta ni yóò tún jókòó tì í?

A ní kó jókòó, a fún un ní omi tútù, a ní kó máa rò ó bó ṣe rí gan-an. Ohun tó sọ fún wa rèé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yìn ín ná. Ọlọ́run fún Hamid ní ohùn. Bó bá ní "Ẹ káàárọ̀ o" lórí rédíò, ìyá tó ń na ọmọ lọ́wọ́ á dá ọwọ́ dúró. Àbíjàn ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló ti kàwé dé ìdajì kó tó tẹ̀lé bàbá rẹ̀ wálé, nítorí náà Faransé kì í jìnnà sí ahọ́n rẹ̀. Bó bá ròyìn tán, á ní, "Vuálà, òun nìyẹn! Èmi Hamid ni. Ojú mi ló ṣe." Bẹ́ẹ̀ làwọn èèyàn ṣe sọ ọ́ di Ojú-mi-ló-ṣe. Khàdíjàt ìyàwó rẹ̀ gan-an a máa pè é bẹ́ẹ̀ bí inú rẹ̀ bá dùn.

Ilé iṣẹ́ rédíò kékeré kan ní Èjìgbò ló ti ń ṣe akọ̀ròyìn. Ìròyìn ibẹ̀ kì í sábà le: òjò ṣí òrùlé, ìjòyè gbàlejò, ewúrẹ́ jẹ ẹ̀gẹ́ onílé. Hamid mọ iṣẹ́ náà dunjú. Kò sẹ́ni tó lè ròyìn ewúrẹ́ tó o.

Àfi ìgbà tí ìjà dé.

Abà méjì ni, nínú igbó lẹ́yìn Ara: Abà Olóbì àti Abà Ẹlẹ́wùrà. Wọ́n ń fẹ́ ọmọ lọ́wọ́ ara wọn, wọ́n jọ ń sin òkú. Àmọ́ nígbà tí àwọn kan ti ìlú ńlá dé, tí wọ́n ní àwọn fẹ́ ra ilẹ̀ tó wà láàárín, kálukú wá rántí pé ti baba òun ni. Ọ̀rọ̀ di ariwo, ariwo di àdá, ìbọn ṣakabùlà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Wọ́n jó ilé, wọ́n ṣá ọkùnrin kan léjìká.

Ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà, Alàgbà Oyèníran, pe àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ jọ.

"Ta ni yóò lọ?"

"Èmi, sà." Olúwabùnmi ló nawọ́ sókè. Ọmọbìnrin Masifa ni, kò tíì pẹ́ tó débẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò dùn tó ti Hamid, àmọ́ bó bá bi èèyàn ní ìbéèrè, onítọ̀hún á mọ̀ pé wọ́n bi òun.

Hamid rẹ́rìn-ín. "Bùnmi, ibi tí ìbọn ti ń dún kọ́ ni wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́. Ọ̀gá, ẹ jẹ́ n lọ."

"Ẹ jẹ́ ká jọ lọ, ẹ̀gbọ́n. Èèyàn méjì sàn ju ẹnì kan lọ níbi tó bá le."

"Rárá o. Ta ni yóò máa ṣọ́ ẹ níbẹ̀? Èmi nìkan tó."

Ẹ má rò pé ó ń káàánú ọmọ ọlọ́mọ o. Ó fẹ́ kó jẹ́ òun nìkan ni wọn yóò pàtẹ́wọ́ fún ni. Bó ṣe sọ ọ́ fún wa nìyẹn, a ò fi nǹkan kan kún un.

Ó wọ jákẹ́ẹ̀tì ilé iṣẹ́, ó gun ọ̀kadà, ó di ọ̀nà Ara.

Wọ́n kọjá Ara tán, ọ̀nà dá páropáro. Nígbà tó yá, wọ́n rí àwọn èèyàn tó ń bọ̀ lójú ọ̀nà. Obìnrin kan ru ẹ̀rọ ìránṣọ, ó tún pọn ọmọ. Bàbá àgbàlagbà kan ń fa ewúrẹ́. Ọkùnrin kan tẹ̀lé wọn, ó fi ìborùn di orí, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn létí.

"Ẹ má lọ o," ni ọkùnrin náà wí nígbà tó rí jákẹ́ẹ̀tì Hamid. "Wọn ò fẹ́ rí akọ̀ròyìn. Ẹni tó ń ya fọ́tò lánàá, wọ́n gba fóònù rẹ̀, wọ́n sì lù ú débi tí kò lè nàró mọ́."

Mùkáílà ọlọ́kadà tó gbé e pa ẹ̀rọ. "Ẹ̀gbọ́n, ibi tí mo lè gbé yín dé rèé."

Inú Hamid dùn dé ìsàlẹ̀ ikùn, àmọ́ ó fajú ro. "O ń bẹ̀rù? Odidi ọkùnrin bíi tìẹ?"

"Mò ń bẹ̀rù, sà. Ṣé kí n já yín síbí, kẹ́ ẹ máa fẹsẹ̀ rìn lọ?"

Hamid wo ọ̀nà. Ó wo ẹ̀jẹ̀ etí ọkùnrin yẹn.

"Yí i padà," ló wí.

Ká sọ̀rọ̀ síbi tí ọ̀rọ̀ wà: kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìyẹn. Ẹ̀mí ò láàrọ̀. Ká ní ó pe ọ̀gá rẹ̀ pé, "Sà, ọ̀nà ò dáa, mo ti padà sí Ara," ìtàn yìí ì bá ti parí síbẹ̀, àwa náà ì bá wá nǹkan mìíràn kọ.

Ara ni ìyá Khàdíjàt ń gbé, Màmá Fàsílátù. Ọ̀dọ̀ wọn ni Hamid yà sí. Ó bá wọn lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń pa ẹ̀kùrọ́ lórí òkúta: kọ̀! kọ̀! kọ̀!

"Bàbá Ummu! Kí ló gbé ọ wá?"

"Iṣẹ́ ni, Màmá. Mo ní kí n yà kí yín."

"O ṣeun, ọkọ mi. Jókòó, n ó tẹ ẹ̀bà fún ọ."

Hamid jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ó pe Ògúndìran, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń dáko ní Abà Olóbì. Wúyẹ́wúyẹ́ ni ìyẹn ń sọ̀rọ̀.

"Wọ́n yìnbọn láàárọ̀ yìí. Wọ́n ti jó abà bàbá mi. A ti kó àwọn obìnrin àti ọmọdé pamọ́ sínú ilé tí a ń kó kòkó sí, lẹ́yìn odò. Hamid, bí ọ̀rẹ́ ni mo ṣe sọ fún ọ o. Má jẹ́ kó dórí rédíò."

"Ṣé ọmọdé ni mí ni?"

Fóònù kò tíì tutù lọ́wọ́ rẹ̀ tí ti Alàgbà Oyèníran fi wọlé.

"Hamid, ṣé o ti débẹ̀?"

"Rárá" kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó wúwo. Ọmọ ọdún méjì ń sọ ọ́. Àmọ́ Hamid mọ̀ pé gbogbo ìlú ń retí ohùn òun, ó sì rántí bí Bùnmi ṣe nawọ́ sókè.

"Mo ti débẹ̀, sà."

"Ó dáa. A ń gbé ọ sórí afẹ́fẹ́ báyìí."

Ẹ̀yin èèyàn, irọ́ kò ní ọwọ́, àmọ́ ó mọ bí wọ́n ti ń fa èèyàn. Hamid rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ̀yin ará ilé, inú igbó ni mo wà, mo dọ̀bálẹ̀ sẹ́yìn igi obì kan. Ẹ fetí sílẹ̀." Ó na fóònù sí Màmá Fàsílátù.

Kọ̀! Kọ̀! Kọ̀!

"Ẹ gbọ́ ọ? Ìbọn ni!"

Màmá dá ọwọ́ dúró, wọ́n ń wò ó. Hamid juwọ́ sí wọn pé kí wọ́n máa pa á lọ. Wọ́n ṣe bí iṣẹ́ rédíò ni, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Bí àyà yín bá já ní Èjìgbò lọ́jọ́ yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀kùrọ́ lẹ gbọ́.

Kò pẹ́ tí ìpè bẹ̀rẹ̀ sí í ya lu fóònù rẹ̀. Wọ́n ní wọ́n ti ṣe àdúà fún un ní mọ́sálásí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè láti Àbíjàn, "Mọ̀n fùrẹ̀, kuráàjì! Àbúrò mi, mọ́kàn le!" Khàdíjàt pè, ẹkún ló ń sun.

"Bàbá Ummu, máa bọ̀ nílé! Ṣé rédíò lo fẹ́ kú fún?"

"Fọkàn balẹ̀. Iṣẹ́ ọkùnrin ni." Òkèlè ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́.

Nígbà tó fi fóònù sílẹ̀, Màmá Fàsílátù bi í pé, "Kí lo ní o wà nínú igbó sí?"

"Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lórí rédíò nìyẹn, Màmá. Bí ẹní ń pàlọ́."

"Háà. Èmi ò mọ̀ pé wọ́n ń pàlọ́ lásìkò ìròyìn o."

Ìyìn a máa gbẹ lára kíákíá. Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, ilé iṣẹ́ tún fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀, ẹ̀kùrọ́ sì ti tán. Kò sí ìbọn mọ́. Kí ni yóò wá sọ? Ó wá inú ara rẹ̀ títí, ohun kan ṣoṣo tó bá níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí Ògúndìran ní kó má sọ.

"Mo dúró báyìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé kòkó kan lẹ́yìn odò," ló wí. "Inú rẹ̀ ni àwọn obìnrin àti ọmọdé Abà Olóbì sá sí. Mò ń gbọ́ ẹkún ọmọ ọwọ́. Èmi ni mo dúró tì wọ́n. Vuálà. Ojú mi ló ṣe."

Ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n ní rédíò ní Abà Ẹlẹ́wùrà náà?

Kò pẹ́ tí Ògúndìran fi pè. Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo.

"Hamid. Ìyá mi wà nínú ilé kòkó yẹn, rédíò wà létí wọn. Bí wọ́n ṣe gbọ́ ẹ ni wọ́n kó gbogbo wọn jáde, wọ́n gba inú odò kọjá, omi mu wọ́n dé àyà. Ilé kòkó ń jó báyìí. Ká ní ìyá mi ò gbọ́ rédíò ńkọ́?"

Ó gé e.

Hamid dìde, ó tún jókòó. Ó wá ní nínú ọkàn rẹ̀ pé, Alihamudulilahi, ẹnikẹ́ni kò kú. Ó fi ìyẹn tu ara rẹ̀ nínú.

Ọjọ́ ti ń rọ̀ nígbà tí Alàgbà Oyèníran pè é lẹ́ẹ̀kan sí i. Orí afẹ́fẹ́ ni wọ́n wà, ohùn bàbá náà kò sì balẹ̀.

"Hamid, dúró ná. Lẹ́yìn tí o ròyìn àkọ́kọ́, Bùnmi kó oògùn àti báńdéèjì, ó ní òun ò lè fi ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní ìwọ nìkan. Awakọ̀ wa já a sílẹ̀ lẹ́bàá igbó, ó fẹsẹ̀ rìn wọlé. Fóònù rẹ̀ ò lọ mọ́. Àwọn ọlọ́pàá ń múra láti wọ igbó lọ wá a. Ṣé o ti rí i?"

Bí Hamid bá ní òun kò rí i, wọn yóò bi í pé báwo? Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wọ ibẹ̀.

"Ó... ó wà pẹ̀lú mi, sà."

"Ọlọ́run ṣeun! N ó ní kí àwọn ọlọ́pàá dúró ná."

Màmá Fàsílátù ń fẹ́ èèpo ẹ̀kùrọ́ dànù nítòsí, wọ́n sì gbọ́ gbogbo ohun tí fóònù ń sọ. Wọ́n gbé atẹ sílẹ̀.

"Ta ló wà pẹ̀lú ẹ?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra..."

"Ọmọ ta ni wọ́n ń wá, tí o ní ó wà pẹ̀lú ẹ? Nínú ilé tí èmi àti ìwọ nìkan wà?" Wọ́n ti já fóònù gbà. "Ẹ̀yin ará rédíò, ẹ gbọ́ o! Fàsílátù ni mí, láti Ara. Hamid ọkọ ọmọ mi kò sí nínú igbó kankan. Ẹ̀yìnkùlé mi ló wà látàárọ̀, ó sì ti jẹ ẹ̀bà lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí Bùnmi kankan lọ́dọ̀ rẹ̀! Bẹ́ ẹ bá ń wá ọmọ ọlọ́mọ, ẹ má dúró, ẹ lọ wá a!"

Rédíò dákẹ́. Wọn ò rántí fi orin sí i. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni Alàgbà Oyèníran ní, "Màmá, ẹ ṣeun," ohùn rẹ̀ sì ti yàtọ̀.

Wọ́n ní ní Èjìgbò, onígbàjámọ̀ kan fi orí ẹni tó ń gẹ̀ sílẹ̀ ní ìdajì, ó jáde lọ bi aládùúgbò bóyá òun gbọ́ dáadáa. Khàdíjàt tẹ́wọ́ àdúà sókè lórí ẹní. Ó rọra sọ ọwọ́ náà kalẹ̀.

"Màmá, ẹ ti bà mí jẹ́," ni Hamid wí.

"Ìwọ lo ba ara rẹ jẹ́. Dìde. Wọ jákẹ́ẹ̀tì rẹ, kí o lọ wá ọmọ náà."

"Wọ́n ń yìnbọn níbẹ̀, Màmá."

"Ṣebí ibẹ̀ lo wà látàárọ̀? O ti mọ̀nà."

Hamid lọ. Kò sí ọlọ́kadà tó fẹ́ gbé e, ẹsẹ̀ ló fi rìn. Ó ní gbogbo ewé tó bá mì ni òun ń bá sọ̀rọ̀ pé akọ̀ròyìn lòun, kó jọ̀ọ́. Ọkọ̀ àwọn ọlọ́pàá bá a lọ́nà, ó sì tẹ̀lé wọn.

Wọn ò tíì wọ igbó tí Bùnmi fi yọ lójú ọ̀nà ẹsẹ̀. Ó ń dá rìn. Ojú rẹ̀ kan wú, ó fi gèlè di ọwọ́ ọ̀tún mọ́ àyà, ọwọ́ náà sì tẹ̀ síbi tí kò yẹ kó tẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ Abà Ẹlẹ́wùrà ló mú un, ó sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọlọ́pàá. Wọ́n ń wá ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò, òun ni wọ́n bá pàdé pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì kan náà. Wọ́n fọ́ fóònù rẹ̀, wọ́n lù ú. Ọwọ́ wọn ṣì wà lára rẹ̀ nígbà tí ohùn ìyá àgbà kan gba orí rédíò wọn, tó ń sọ nípa ẹ̀bà. Ọ̀kan nínú wọn bú sẹ́rìn-ín. Ni gbogbo wọn bá ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà wọ́n wo ọmọbìnrin tó wà nílẹ̀, ẹ̀rín náà kò sì rí ibi dúró sí mọ́. Wọ́n ní kó máa lọ.

Bùnmi wo Hamid. Jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mọ́ tónítóní, àyàfi ọbẹ̀ ilá tó kán sí i lọ́rùn. Bùnmi wo ọbẹ̀ náà. Ó wọnú ọkọ̀.

Àwọn àgbààgbà ti pe abà méjèèjì jókòó, ọlọ́pàá sì mú àwọn tó lu Bùnmi. Ilé iṣẹ́ dá Hamid dúró. Nígbà tó lọ dọ̀bálẹ̀ fún Alàgbà Oyèníran, bàbá náà ní, "Kì í ṣe pé ẹ̀rù bà ọ́ ló bí mi nínú. Ẹ̀rù ń ba èmi náà nígbà tí mo rán ọ. Akọ̀ròyìn ìlú ńlá ní ọkọ̀ tí ọta kì í wọ̀. Kí ni àwa ní? Ọ̀rọ̀ ẹnu wa nìkan ni ààbò wa, kí àwọn èèyàn lè ní, 'Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, wọn kì í purọ́.' Ìyẹn gan-an lo tà."

Ara ìlú kò dá ẹjọ́ tó gùn tó bẹ́ẹ̀. Bí Hamid bá ń kọjá, ẹnì kan á kàn gba òkúta méjì mọ́ra: kọ̀! kọ̀! kọ̀! Ó ti lọ bá Ògúndìran po amọ̀ láti tún ilé kòkó kọ́. Ògúndìran gbà á láyè, àmọ́ ibi tí amọ̀ ti wúwo jù ló fi í sí, kò sì tíì pè é ní ọ̀rẹ́.

Ó kù ibi kan tó yẹ kó lọ. Masifa ni, ilé Bàbá Ògúnrìndé tó bí Bùnmi. Khàdíjàt àti Màmá Fàsílátù ló tẹ̀lé e. Hamid dọ̀bálẹ̀ gbalaja, bàbá náà sì dá a lóhùn pé, "Ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ́hùn-ún ni kí ẹ ti lọ bẹ̀bẹ̀. Èmi kọ́ ni wọ́n kán lọ́wọ́."

Orí ẹní ni Bùnmi wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ti fi nǹkan funfun gbagidi di ọwọ́ rẹ̀ láti ìgúnpá dé ìka. Àwo ọsàn wà níwájú rẹ̀.

"Bùnmi, ẹ forí jì mí," ni Hamid wí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọ ara wọn, kò fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀ rí.

"Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n."

"Kí ni wọ́n ń bi yín, tí wọ́n fi ń lù yín bẹ́ẹ̀?"

"Ibi tí ẹ wà."

"Ẹ ò ṣe sọ fún wọn pé ẹ ò mọ̀?"

"Mo rò pé mo mọ̀. Mò ń wo èéfín ilé kòkó lókèèrè, mo sì ti gbọ́ yín lórí rédíò ọkọ̀ pé ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ dúró sí. Mo ní ẹ ti ní láti sá sínú koríko nítòsí ibẹ̀. Bí wọ́n bá padà lọ wá ibẹ̀, wọ́n á pa yín. Ni mo bá parọ́ fún wọn."

"Irọ́ wo?"

Bùnmi wo ọwọ́ rẹ̀ tí wọ́n dì.

"Mo ní ẹ ti sá padà sí Ara. Mo ní ẹ ti wà nílé ẹnì kan níbẹ̀, ẹ ń jẹun." Ó mí kanlẹ̀. "Wọn ò gbà mí gbọ́. Wọ́n ní akọ̀ròyìn tó láyà tó báyẹn kò lè sá, pé mò ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Orí irọ́ yẹn ni wọ́n ti fi igi gbá mi lọ́wọ́."

Màmá Fàsílátù fi ìborùn bo ojú. Hamid la ẹnu. Ohùn tí Ọlọ́run fún un kò jáde.

Bùnmi fi ọwọ́ òsì ti àwo sún mọ́ ọn.

"Ẹ bá mi bó ọ̀kan. Ọwọ́ mi yìí ò tíì mọ̀ ọ́n bó."

Hamid mú ọ̀bẹ. Omi ọsàn ń kán sórí ẹní. Ó bó o tán, ó gé orí rẹ̀, ó kúnlẹ̀ sórí eékún méjèèjì, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.